Àwọn Àṣìṣe Tí Kì Í Jẹ́ Kí Etíkun Gba Àsíá Blue Flag

Owó ń bọ́ sómi, ó sì ń dunni. Àwọn alábòójútó etíkun á ra bẹ́ǹṣì, wọ́n á kun ilé ìgbọ̀nsẹ̀, wọ́n á gbin igi àgbọn, kí wọ́n tó rántí omi. Bẹ́ẹ̀, omi tí kò mọ́ kò lè gba àsíá Blue Flag, àmì ẹ̀yẹ àgbáyé tí wọ́n ń fún etíkun àti èbúté ọkọ̀ ìgbafẹ́ tó bá pa òfin ìmọ́tótó àti àyíká mọ́.

Àṣìṣe kìíní: bíbu omi àyẹ̀wò nígbà tó bá wù yín. Ó kéré tán, ẹ̀ẹ̀márùn-ún ni láàárín sáà ìlúwẹ̀ẹ́, ọjọ́ 31 kò sì gbọdọ̀ kọjá kí ẹ tó tún bù ú. Ẹ bù ú níbi tí èrò ti ń wẹ̀ jù, ní 30 sẹ̀ǹtímítà sísàlẹ̀, sínú ìgò tí wọ́n ti pa kòkòrò inú rẹ̀. Ẹ má sá fún ẹnu gọ́tà tàbí odò tó ń ṣàn wọ òkun; ibẹ̀ ni ìgbẹ́ ń gbà wọlé. Inú kúlà oníyìnyín ni kí ìgò wà, kí láàbù yẹ̀ ẹ́ wò kí wákàtí 24 tó pé. Èyí tó bá jókòó sínú búùtù mọ́tò, ẹ dà á nù.

Ìṣirò ló ń bí ni nínú jù. Ààlà fún omi òkun ni E. coli 250 àti enterococci 100 nínú 100 mílílítà; kòkòrò tín-ín-tìn-ìn-tín inú ìgbẹ́ ni méjèèjì. Àwọn èèyàn á ro èsì pọ̀, wọ́n á pín in dọ́gba, wọ́n á ní àwọn ti yege. Rárá o! Èsì 95 nínú 100 ló gbọ́dọ̀ wà lábẹ́ ààlà. Ká ní ẹ bu omi nígbà 20, tí E. coli jẹ́ 20 nínú 16, tó sì jẹ́ 600 nínú mẹ́rin tí ẹ bù lẹ́yìn òjò. Pín in dọ́gba, 136 ni. Ṣírò rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń ṣírò rẹ̀, pẹ̀lú log (lọ́gárídímù), iye tí èsì 95 nínú 100 ń wà lábẹ́ rẹ̀ kọjá 350, bẹ́ẹ̀ 250 ni ààlà. Ẹ ti já nìyẹn. Páìpù tó ń jò ni kí ẹ wá kí òjò tó dé.

Èkejì: ẹ má kó gbogbo koríko òkun dànù, àfi tó bá ń yọ èrò lẹ́nu.

Ètò ẹ̀kọ́ nípa àyíká gbọ́dọ̀ tó márùn-ún láàárín sáà. Pátákó ìkéde kì í ṣe ètò ẹ̀kọ́.

Ẹ̀yin elébùúté ọkọ̀ ìgbafẹ́, ohun ìkódọ̀tí kan ṣoṣo kò tó! Ọ́ìlì tí wọ́n ti lò, bátìrì àti ọ̀dà: ohun ìkódọ̀tí tirẹ̀ ni kí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní. Ẹ sì ní ẹ̀rọ tí yóò máa fa ìgbẹ́ inú ọkọ̀ jáde.

Sáà kan péré ni àsíá ń lò. Gúúsù Áfríkà, orílẹ̀-èdè àkọ́kọ́ tí kì í ṣe ti Yúróòpù tó wọ ètò yìí, ní 2001, ń tọrọ tirẹ̀ lọ́dọọdún. Bí omi bá bàjẹ́ láàárín sáà, ẹ sọ àsíá kalẹ̀ lọ́jọ́ náà, kí ẹ sì kọ ìdí rẹ̀ sí pátákó níbi tí àwọn tó ń wẹ̀ á ti rí i.