Bí Mo Ṣe Gbẹ́ Ìbọn Tí Kò Ní Òòlù

Ohun èlò fíìmù ni mo ń ṣe jẹun: idà onígi, orí òkú, ìkòkò tí wọn yóò fọ́ mọ́lẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹ̀yìnkùlé wa ní Sábó, Ìkòròdú, ni ṣọ́ọ̀bù mi wà. Ní oṣù tó kọjá, dírẹ́tọ̀ kan pè mí, ó ní òun fẹ́ ìbọn ìléwọ́ fún ọlọ́pàá inú fíìmù òun. "Ti òde òní o, bọ̀ọ̀dá. Kì í ṣe irú èyí tí ẹ gbẹ́ lọ́jọ́sí, tó dà bí kọ́kọ́rọ́ géètì."

Ó fi àwòrán ìbọn ìléwọ́ kan tí wọ́n ń pè ní Glock 17 ránṣẹ́ sí mi. Mo ra igi ọmọ lọ́dọ̀ àwọn onípákó, nítorí ó fúyẹ́, kì í sì í là bọ̀rọ̀; àwọn onílù mọ̀ ọ́n. Mo ya ìbọn náà sórí páálí, ó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 20, ó ga tó bíi 14. Mo gbẹ́ ẹ, mo fi sáńdípépà ra á, mo wá lẹ òòlù kékeré kan mọ́ ọn lẹ́yìn, níbi tí àtàǹpàkò ti máa ń fà á. Gbogbo ìbọn tí mo ti gbẹ́ rí ló ní in. Àwòrán wà níwájú mi o, ojú mi ni kò wò ó.

Bàbá Sájẹ́ǹtì ló tú mi fó. Àbúrò bàbá mi ni wọ́n, iṣẹ́ ọlọ́pàá ni wọ́n ṣe fẹ̀yìn tì, inú yàrá tí wọ́n ń kó ìbọn sí ni wọ́n sì ti lo ọ̀pọ̀ ọdún. Mo gbé e lọ hàn wọ́n nílé wọn ní Èbúté.

"Kí lèyí lẹ́yìn rẹ̀?"

"Òòlù ni, sà."

"Ta ló bí i? Gé e kúrò."

Wọ́n yọ bíírò onísìpíríǹgì kan lápò. Wọ́n ní nínú ìbọn àtijọ́, irú Browning tó jáde ní ọdún 1935, bí o bá fa tírígà, òòlù ẹ̀yìn á já lu abẹ́rẹ́ kan, abẹ́rẹ́ yẹn á sì gún ìdí ọta. Bí alágbẹ̀dẹ ṣe ń sọ ọmọ owú lu irin ni. Ti èyí tí wọ́n ń pè ní striker kò rí bẹ́ẹ̀. Kò sí ẹni tó ń lu abẹ́rẹ́. Sìpíríǹgì ló wà lẹ́yìn rẹ̀, inú ìbọn sì ni gbogbo rẹ̀ farapamọ́ sí. Wọ́n tẹ bíírò náà, wọ́n jọ̀wọ́ rẹ̀, ó ta pá. Nínú Glock, nígbà tí irin òkè, èyí tó bo orí ìbọn, bá sún sẹ́yìn tó padà, sìpíríǹgì á fà dé àárín ọ̀nà. Ìka tó ń fa tírígà ló ń fà á parí kó tó jáde.

Ohun tó yà mí lẹ́nu jù ni ẹni tó ṣe é. Ará Austria ni Gaston Glock, ọ̀pá kọ́tìnnì àti ọ̀bẹ ló ń ṣe tẹ́lẹ̀! Ní 1982 ni àwọn ológun ilẹ̀ wọn gba ìbọn rẹ̀. Kì í sì í ṣe òun ló kọ́kọ́ fi rọ́bà líle ṣe ara ìbọn báyìí; àwọn ará Jámánì ti ṣe ìbọn VP70 ní 1970.

Mo gé òòlù náà. Ó wá ku kí n tún ọrùn ìdìmú gbẹ́, nítorí níbi tí òòlù kò ti gba àyè, ọwọ́ máa ń gun òkè súnmọ́ ọ̀pá tí ọta ń gbà jáde, ìbọn kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ ta sókè bó bá dún. Mo fín ahọ́n tín-ínrín sí àárín tírígà náà. Ahọ́n yẹn ni kì í jẹ́ kí tírígà rìn bí ìka kò bá tẹ̀ ẹ́.

Mo béèrè bóyá kì í dá iṣẹ́ sílẹ̀. Bàbá ní ọwọ́ àwa èèyàn ló ń bà á jẹ́. "Wọ́n á ní àwọn ń tọ́jú ìbọn, wọ́n á da epo síhò abẹ́rẹ́." Epo á mú eruku, ó di ẹrẹ̀, abẹ́rẹ́ kò ní lè sáré mọ́, ọta kò ní dún. Ihò yẹn, gbígbẹ ni wọ́n ń fi sílẹ̀.

"Tó bá wá jábọ́ ńkọ́, sà?"

Ìdènà wà nínú, wọ́n ní, ṣùgbọ́n ọwọ́ ẹni tó ṣe é ló wà. Lálẹ́ ọjọ́ náà ni mo kà nípa ìbọn ìléwọ́ mìíràn, SIG Sauer P320, tí àwọn ológun Amẹ́ríkà yan irú rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ 2017. Ní oṣù kẹjọ ọdún yẹn kan náà ni ilé iṣẹ́ náà kéde pé àwọn yóò pààrọ̀ nǹkan nínú àwọn tó wà lọ́jà, nítorí bí ó bá fi ẹ̀yìn balẹ̀ ní ìdagun kan, ó lè dún. Tírígà rẹ̀ wúwo: ìbọn á dúró lórí ilẹ̀, tírígà á ṣì máa bá ìrìn lọ bí ẹni pé ìka ló fà á. Wọ́n fi èyí tó fúyẹ́ rọ́pò rẹ̀. Èmi tí mò ń ṣe ti onígi, oorun kò kùn mí bọ̀rọ̀ lóru yẹn.

Wàhálà tó kù wà nínú ìwé eré. Ọta tán lọ́wọ́ ọlọ́pàá, ó wá ń fa tírígà, "ká! ká! ká!" Bàbá rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi wúkọ́. Bí ọta bá tán nínú ìbọn yìí, irin òkè á dúró sẹ́yìn, gbogbo ayé á rí i. Bó bá sì jẹ́ pé ọta kan ló kọ̀ tí kò dún, ẹ̀ẹ̀kan péré ni yóò ró. Tírígà á dúró sẹ́yìn títí wọn yóò fi fa irin òkè.

Mo pe dírẹ́tọ̀. Ó ní àwọn òǹwòran kò mọ̀. Mo ní ọlọ́pàá náà ń wo fíìmù. Ó dákẹ́, ó ní, "Èló ni ẹ máa gbà?"

Bí mo ṣe gbẹ́ èkejì nìyẹn, irin òkè sẹ́yìn, ẹnu ọ̀pá ọta yọ síwájú. Ọ̀dà dúdú ni mo fi kun méjèèjì lẹ́ẹ̀mẹ́ta, mo fi lẹ́ẹ̀dì pẹ́ńsù ra apá òkè kí ó máa dán bí irin. Ìdìmú ni n kò fọwọ́ kàn, rọ́bà kì í dán. Mo fi téépù pupa dí ẹnu wọn, mo dì wọ́n sínú páálì pẹ̀lú lẹ́tà dírẹ́tọ̀ kí n tó gbé wọn jáde nílé. N kò gun ọ̀kadà lọ́jọ́ yẹn.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í yà á. Òṣèré náà yọ ìbọn, ó dojú kọ olè, àtàǹpàkò rẹ̀ sì ń wá òòlù kiri lẹ́yìn ìbọn, ó ń họ ọ̀dà mi.