Ìsinmi Fún Ẹni Tí Ó Ń Bọ́ Lọ́wọ́ Fífi Oúnjẹ Du Ara Rẹ̀

Ẹni tí ó ti ń fi oúnjẹ du ara rẹ̀ láti ọdún pípẹ́, kí ó má baà sanra, máa ń retí pé agbára òun yóò padà ní kété tí òun bá ti ń jẹun kánú. Àárẹ̀ gan-an ni ó sábà máa ń kọ́kọ́ dé: oorun á máa kùn ún lọ́sàn-án, ẹsẹ̀ rẹ̀ lè wú, òógùn sì lè bò ó lóru. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe pe èyí ní ọ̀lẹ. Nígbà tí oúnjẹ kò tó, ńṣe ni ara ń ṣọ́ agbára ná, tí ọkàn ń lù jẹ́jẹ́, tí òtútù ń múni, tí nǹkan oṣù obìnrin lè dáwọ́ dúró, tí egungun sì lè máa joro. Àtúnṣe gbogbo ìwọ̀nyí ni ara dáwọ́ lé báyìí.

Ní ọdún 1944, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Ancel Keys àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Minnesota, ní Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ ìwádìí lórí ọ̀dọ́kùnrin 36 tí ara wọn le, tí wọ́n sì yọ̀ǹda ara wọn. Lẹ́yìn nǹkan bí oṣù 6 tí oúnjẹ wọn kò tó, wọ́n ti fọn ní ìwọ̀n bí ìdá kan nínú mẹ́rin, ọ̀rọ̀ oúnjẹ sì gbà wọ́n lọ́kàn. Ọ̀pọ̀ oṣù ni ó gba púpọ̀ nínú wọn kí ara wọn tó bọ̀ sípò.

Ẹ jẹun kí ẹ tó dùbúlẹ̀, nítorí ebi kì í jẹ́ kí oorun wọra. Ẹ má sì jẹ́ kí ó ju wákàtí 3 sí 4 lọ lọ́sàn-án láìjẹ nǹkan, bí ebi kò tilẹ̀ pa yín. Ẹ bọ́ aṣọ tó fún, ẹ fi ìrọ̀rí gbé ẹsẹ̀ tó wú sókè. Ẹ dá eré ìdárayá líle dúró títí dókítà yóò fi gbà yín láàyè. Ohun tó le jù, lójú tèmi, ni pé ọkàn ẹni tó dùbúlẹ̀ máa ń dá a lẹ́bi. Kí ó fi àkókò kúkúrú bẹ̀rẹ̀ ìsinmi náà, kí ẹnì kan jókòó tì í, kí ará ilé gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí wọ́n má sì sọ ohunkóhun nípa bí ara rẹ̀ ṣe rí, ìbáà ṣe ìyìn.

Ẹni tí ó ti rù kọjá ààlà, tàbí tí kò jẹun fún ọjọ́ mélòó kan, gbọ́dọ̀ rí dókítà kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí jẹ àjẹyó, nítorí àwọn èròjà bíi phosphate lè já wálẹ̀ lójijì nínú ẹ̀jẹ̀, kí wọ́n sì ṣe ọkàn ní jàǹbá. Bí ó bá dákú, tí àyà ń dùn ún, tàbí tí kò lè mí dáadáa, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.