Mo ra táyà mẹ́rin, ìgò kékeré kan ni Mustang mi ń fẹ́

Owó tó lé ní ìdajì mílíọ̀nù náírà ló bọ́ lọ́wọ́ mi lórí táyà tí kò wo nǹkan kan sàn. Táyà tuntun mẹ́rin, 235/55 R17, tí wọ́n ní òun ló máa pa ariwo Mustang mi lẹ́nu mọ́. Ariwo náà kò dákẹ́. Ṣe ló le sí i.

Mustang GT 2006 ni, tòkunbọ̀, òun ni mo fi ń gbé ọkọ àti ìyàwó káàkiri Ilé-Ifẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé. Ẹni tó bá ń ṣe iṣẹ́ yìí mọ̀ pé kì í ṣe eré ni wọ́n ń torí rẹ̀ sanwó. Jẹ́jẹ́ lèèyàn ń lọ. Wọ́n á ní kí o yí po lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngán kí oníkámẹ́rà lè rí i dáadáa, wọ́n á tún ní kí o yí i lẹ́ẹ̀kan sí i. Ibi yíyí po jẹ́jẹ́ yẹn gan-an lọkọ̀ náà ti ń dójú tì mí. Bí mo bá ti ká sítíárìn dé òpin, tí mo fẹsẹ̀ kan tọ́tù díẹ̀, ẹ̀yìn á kọ́kọ́ kùn hùn-ùn, ara ọkọ̀ á gbọ̀n, táyà á wá máa ké kẹ́ù, kẹ́ù, bí ìgbà tí ọmọdé bá ń fi bàtà rọ́bà tó tutù rìn lórí táìlì. Ó ṣe é lójú àwọn àna ìyàwó ní Parakin, gbogbo wọn yíjú wò wá. Ṣùgbọ́n lójú ọ̀nà tó gún, kódà kí n fi sáré dé Iléṣà, kò ní fọhùn.

Mẹkáníìkì tí mo kọ́kọ́ gbé e lọ bá kò tiẹ̀ bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ rẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, sháàfù ni. Ó ti jẹ." Sháàfù! Nínú Corolla àti Camry tó kún ìlú yìí, mo gbà, tó bá ń dún ká-ká-ká nígbà tí ẹ bá ń yí, sháàfù iwájú ni, nítorí ẹsẹ̀ iwájú ni ẹ́ńjìnnì wọn ń yí. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ló ń ti Mustang. Kò sí irú sháàfù bẹ́ẹ̀ níwájú rẹ̀ rárá, kí ló fẹ́ jẹ? Nígbà tí mo sọ bẹ́ẹ̀, ó yí ohùn padà, ó ní bọ́ọ̀lù jọ́ìntì ni. Ó pààrọ̀ bọ́ọ̀lù jọ́ìntì, ó gbowó, ariwo wà níbi tó wà.

Ẹni tó ń ta táyà ló wá ka nọ́ńbà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà fún mi: 2316, ìyẹn ni pé ọ̀sẹ̀ 23 nínú ọdún 2016 ni wọ́n ṣe é. Níbi yẹn, kò purọ́. Táyà náà ti gbó. Ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni táyà tó gbó, ọ̀tọ̀ ni ariwo. Táyà tuntun di ilẹ̀ mú ju ti àtijọ́ lọ, ìdí nìyẹn tí igbe náà fi le sí i.

Àgbàlá ilé mi ní Ọ̀pá ló là mí lójú. Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni, yanrìn àti òkúta wẹ́wẹ́. Mo ká sítíárìn dé òpin níbẹ̀, mo yí po, kò ké. Mo gbé e lọ sórí kọnkéré ilé epo, ó figbe ta. Tó bá jẹ́ bẹ́ríìnì tàbí bọ́ọ̀lù jọ́ìntì ló jẹ ni, ṣé ó máa mọ yanrìn yàtọ̀ sí kọnkéré?

Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rí rèé. Tí ọkọ̀ bá ń yí, táyà ìta ń rìn ju ti inú lọ. Àárín táyà ẹ̀yìn Mustang méjèèjì tó nǹkan bíi mítà 1.6. Tí ẹ bá fi yí òbírí kan pé, táyà ìta á fi nǹkan bíi mítà 10 ju ti inú lọ, ì báà jẹ́ òbírí ńlá, ì báà jẹ́ kékeré. Nínú èyí tó tóbi, mítà 10 yẹn á pín kálẹ̀; nínú èyí tó há, ojú kan ló ń ṣù sí. Differential tó wà láàárín ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ló ń jẹ́ kí táyà kan lè sáré ju èkejì lọ. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ asáré, bíi tèmi, irú èyí tí wọ́n ń pè ní limited slip ni. Àwọn abala irin pẹlẹbẹ kan wà nínú rẹ̀ tó ń di ara wọn mú, kí táyà kan má baà máa yí lórí òfo nígbà tí èkejì dúró. Tí ẹ bá ń yí jẹ́jẹ́, àwọn abala yẹn gbọ́dọ̀ lè yọ̀ lára ara wọn. Èròjà kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ friction modifier, tí wọ́n ń dà mọ́ gíà ọ́ìlì, ló ń jẹ́ kí wọ́n yọ̀ wẹ́rẹ́. Tí kò bá sí níbẹ̀, wọ́n á dì, wọ́n á já, wọ́n á tún dì, táyà á sì máa wọ́ nílẹ̀. Lórí yanrìn, táyà á kàn yọ̀ lọ ni, etí kò ní gbọ́ nǹkan kan.

Mo pe ẹni tó ṣe sáfíìsì rẹ̀ kẹ́yìn. "Ẹ̀gbọ́n, gíà ọ́ìlì náínítì ni mo dà sí i, ojúlówó." Mo ní ṣé ó da nǹkan mìíràn mọ́ ọn. Ó ní, "Kí lẹ tún fẹ́ kí n dà?"

Ibi tí wàhálà ti wá bẹ̀rẹ̀ gan-an nìyẹn. Ìgò friction modifier tí mo ń wá kò ju mìlílítà 118 lọ. Ní Lagere, wọ́n gbé ọ́ìlì páwà sítíárìn lé mi lọ́wọ́. Ní Sábó, ẹnì kan bi mí bóyá ẹ̀rọ ìlọta ni mo fẹ́ tún ṣe. Mo bá ọmọkùnrin kan sọ̀rọ̀ l'Ékòó, ó ní ó wà lọ́wọ́ òun. Mo ní kó ya fọ́tò rẹ̀, ó ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dáa. Mo fowó ránṣẹ́. Bí mẹkáníìkì kejì ṣe gbọ́ pé ìgò ti ń bọ̀, ó ti tú ìdérí ẹ̀yìn differential palẹ̀, gbogbo bóòtù rẹ̀ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá, ọ́ìlì ti ṣàn dà nù. Ọkọ̀ mi wá gun orí òkúta, ìdí rẹ̀ ṣí sílẹ̀ nínú eruku ọyẹ́. Ọ̀rá tí wọ́n fi ń di búrẹ́dì la fi bò ó.

Mọ́tò Àkúrẹ́ ni wọ́n fi ìgò náà sí. Ẹni tó mọ ọ̀nà yẹn mọ̀ pé mọ́tò Àkúrẹ́ kì í fẹ́ wọ ìgboro Ifẹ̀. Mo dúró lẹ́bàá títì márosẹ̀ títí oòrùn fi wọ̀, nọ́ńbà dírẹ́bà kò lọ. Ìgbà tó yá, òun fúnra rẹ̀ ló pè: "Alàgbà, ẹ má bínú, èrò ń pariwo lé mi lórí, mo ti já a sí gáréèjì n'Íléṣà." N'Íléṣà! Mo wọ mọ́tò lọ. Ọ̀gbẹ́ni tó jókòó ti ẹrù ní kí n san owó ìtọ́jú ẹrù kó tó fún mi. Owó ìtọ́jú ẹrù, lórí ohun tí wọ́n fi ìwé ìròyìn wé, tó sì ń bẹ nínú dúrọ́ọ̀ rẹ̀ láàárín ìyókù ẹ̀kọ àti ṣéńjì! A fà á títí, ìyá tó ń ta àkàrà nítòsí dá sí i: "Bọ̀dá, ẹ fún un ní nǹkan, kí ẹ máa lọ sílé o." Mo fún un. Mo tú ìwé náà níbẹ̀.

Èròjà tí wọ́n ń dà sínú ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì ni. Mo pe ọmọ Èkó. Ó ní, "Ọ̀gá, iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe." Ohun tí mo sọ fún un, mi ò lè kọ ọ́ síbí. Mẹkáníìkì pẹ̀lú tún ń pè láti Ifẹ̀ pé ọkọ̀ mi ń gba àyè òun.

Ẹlòmíràn ni mo padà rà á lọ́wọ́ rẹ̀ ní Ládípọ̀. Ó ya fọ́tò iwájú àti ẹ̀yìn ìgò kó tó gbowó, ó sì fi í sí mọ́tò Ifẹ̀. Owó ìgò, owó gíà ọ́ìlì 75W-140 àti owó mọ́tò, gbogbo rẹ̀ kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá owó táyà.

Dídà á sí i kò ní wàhálà, ẹnikẹ́ni tó ti ṣe àkísù rí mọ̀ ọ́n. Nǹkan kan ni mo máa sọ: kí ẹ tó tú ìdérí ẹ̀yìn, ẹ kọ́kọ́ rí i pé ihò tí wọ́n ń gbà da ọ́ìlì sí i ṣeé ṣí. Tó bá lọ dì pa lẹ́yìn tí ẹ ti da ti inú nù, ẹ ti há nìyẹn. Lẹ́yìn rẹ̀, ẹ wá ibi tó fẹ̀, kí ẹ máa fi ọkọ̀ ya nọ́ńbà 8 jẹ́jẹ́, sọ́tùn-ún, sósì, kí ọ́ìlì lè wọ àárín àwọn abala náà. Ibi ìgbọ́kọ̀sí kan lójú ọ̀nà Ẹdẹ ni mo ti ṣe tèmi. Ó kọ́kọ́ kùn, ó kùn díẹ̀ sí i, ó wá dákẹ́ pátápátá. Mẹkáníìkì ní òun ti fura sí differential tipẹ́. Ẹ má dá a lóhùn. Èmi ni mo mọ̀ ọ́n.

Iwájú ṣì máa ń ké díẹ̀ lórí ilẹ̀ dídán tí mo bá ká sítíárìn dé òpin. Ìyẹn kì í ṣe àìsàn. Láti ọdún 1818 tí ọ̀gbẹ́ni kan tó ń jẹ́ Ackermann ti gba ìwé àṣẹ lórí bí ẹsẹ̀ iwájú ṣe ń yí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti mọ̀ pé táyà inú gbọ́dọ̀ ṣẹ́ ju ti ìta lọ níwájú, ṣùgbọ́n àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ asáré sábà máa ń dín in kù torí kọ́nà eléré, táyà kan á sì máa wọ́ nígbà tí ẹ bá ń yí jẹ́jẹ́. Bí ẹ bá dá sítíárìn padà díẹ̀ kúrò ní òpin, á dákẹ́. Bí mo ṣe ń ṣe é nìyẹn lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngán báyìí: mi ò ká a dé òpin mọ́. Bí àyè kò bá gbà mí, mo fi rìvásì gbà á, oníkámẹ́rà á dúró dè mí.