Bí mo ṣe kọ́ akànṣẹ́ kan láti dí ọ̀nà mọ́ ẹni tí kì í dúró lójú kan

Iṣẹ́ tí mo fẹ́ ṣàlàyé níhìn-ín ni bí mo ṣe múra ọ̀dọ́mọkùnrin kan sílẹ̀ ní Kàbà fún ìjà ẹ̀ṣẹ́ alábala (ráúǹdù) mẹ́ta pẹ̀lú ọmọ Lọ́kọ́jà kan tó mọ ẹsẹ̀ lò ju ọwọ́ lọ. Ọmọ tèmi lágbára, ẹ̀ṣẹ́ kì í tètè dà á láàmú, kò sì mọ ohun tó ń jẹ́ ìfàsẹ́yìn. Bí aago bá ti dún báyìí, yóò máa tẹ̀ lé ẹni tó wà níwájú rẹ̀ títí onítọ̀hún yóò fi dúró kojú rẹ̀. Àwọn tó ti bá jà ní Ìyàrà àti Ìsánlú fẹ́ràn kí wọ́n dúró ṣe pàṣípààrọ̀ ẹ̀ṣẹ́, ìdí sì nìyẹn tó fi ń borí wọn. Ti Lọ́kọ́jà yìí yàtọ̀. Mo ti lọ wò ó níbi tó ti ń bá ẹlòmíràn jà: ó máa ń na jáàbù, ìyẹn ẹ̀ṣẹ́ tààrà tó yá, láti ọwọ́ òsì sójú ẹni lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹni náà sì tó dá a padà, ó ti bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan.

Kí a tó wọ ìbọ̀wọ́ rárá, mo ní kí a kọ́kọ́ wo bí irú ìjà bẹ́ẹ̀ ṣe ti rí lọ́wọ́ àwọn àgbà. Lálẹ́, nígbà tí nẹ́tíwọ̀kì bá gbọ́ràn, a óò jókòó ti fóònù mi, a óò máa wo fídíò, èmi a sì máa dá a dúró níbi tí mo bá fẹ́ kó ti wo ẹsẹ̀ dípò ọwọ́. Dick Tiger ni mo fi ṣáájú, nítorí ọmọ ilẹ̀ wa ni, kò sì sí akànṣẹ́ Nàìjíríà tí mo mọ̀ tó ń tẹ̀ síwájú bíi tirẹ̀. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1963, ó bá Gene Fullmer jà ní pápá ìṣeré Liberty ní Ìbàdàn. Fullmer pàápàá kì í sá, iwájú ni òun náà máa ń wá, nítorí náà kò pẹ́ tí ọ̀rọ̀ fi yanjú: lẹ́yìn abala keje, kò lè jáde mọ́. Nígbà tó di oṣù Kejìlá ọdún yẹn ní Atlantic City, Joey Giardello kò wá pàdé Tiger bẹ́ẹ̀. Ó ń rìn yí i po, ó ń na jáàbù, ó ń kúrò níbẹ̀, títí abala 15 fi pé, ó sì fi máàkì gba bẹ́líìtì lọ́wọ́ rẹ̀. Agbára Tiger kò dín láàárín oṣù mẹ́rin. Ẹni tó wà níwájú rẹ̀ ló yí padà. Ó di oṣù Kẹwàá ọdún 1965 kó tó gba bẹ́líìtì náà padà lọ́wọ́ Giardello ní New York, máàkì ni òun náà sì fi gbà á.

Ìjà Roberto Durán àti Sugar Ray Leonard tún fi ọ̀rọ̀ náà hàn kedere, nítorí pé àwọn méjì kan náà ni. Ní Montreal, oṣù Kẹfà ọdún 1980, Leonard dúró bá a fà á, Durán sì borí. Nígbà tí wọ́n tún pàdé ní New Orleans ní oṣù Kọkànlá, Leonard ń jó kiri, ó ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́, nígbà tó sì di abala kẹjọ, Durán kọ ẹ̀yìn sí i, ó ní òun kò jà mọ́.

“Kóòṣì, ṣé ọkùnrin tó le tó báyìí náà ló jọ̀wọ́ ìjà?” ni ọmọ náà bi mí.

Mo sọ fún un pé lójú tèmi, kì í ṣe ìrora ló lé e kúrò níbẹ̀, pé àìrí ẹni tí yóò lù ló sú u. Ó dákẹ́, ó sì ní kí n tún fi abala keje hàn òun.

A wo Joe Frazier àti Muhammad Ali ti oṣù Kẹta ọdún 1971 pẹ̀lú. Frazier kúrú jù Ali lọ, ṣùgbọ́n ó ń tẹ̀ mọ́lẹ̀ lábẹ́ jáàbù, ó ń gba abẹ́ rẹ̀ wọlé, húùkù ọwọ́ òsì rẹ̀, ìyẹn ẹ̀ṣẹ́ tó ń gba ẹ̀gbẹ́ wá, sì gbé Ali ṣubú ní abala 15. Mi ò jẹ́ kí ọmọ náà gbé gbogbo ìyìn náà fún Frazier, nítorí pé wọ́n ti fòfin de Ali láti ọdún 1967 títí di 1970, ẹsẹ̀ tó sì padà wá kò yá tó ti tẹ́lẹ̀.

Ibi tí èmi fúnra mi ti rí ẹ̀kọ́ tó wúlò jù ni ìjà Julio César Chávez. Ní oṣù Kẹta ọdún 1990, Meldrick Taylor yára jù ú lọ, méjì nínú adájọ́ mẹ́ta sì ti fi Taylor ṣáájú, ṣùgbọ́n ẹ̀ṣẹ́ Chávez ń kó jọ sí i lára àti lójú, títí rẹfirí fi dá ìjà dúró nígbà tó ku ìṣẹ́jú-àáyá 2 kí abala 12 parí. Ní ọdún 1993, Pernell Whitaker kò gbà kó rí òun bẹ́ẹ̀. Kì í sá jìnnà. Ó dúró nítòsí, ó kàn ń yí ara rẹ̀ kúrò lójú ọ̀nà ẹ̀ṣẹ́. Wọ́n pe ìyẹn ní ọ̀mì. Lójú tèmi, àti lójú ọ̀pọ̀ tó wò ó, Whitaker ló borí, mi ò sì tíì rí ẹni tó fi ọ̀rọ̀ tó yé mi gbe ọ̀mì náà lẹ́sẹ̀.

Ohun tó jáde nínú gbogbo rẹ̀ ni pé bí ẹni tó ń tẹ̀ síwájú bá máa borí ẹni tó ń sá, àkókò ló máa ń fi borí rẹ̀. Ìṣòro inú ìjà tiwa sì nìyẹn: abala 12 ti Chávez jẹ́ ìṣẹ́jú 36, tiwa kò ju ìṣẹ́jú 9 lọ. Ẹ̀ṣẹ́ ikùn tí a bá jù ní abala kìíní kò ní rí àyè tó láti so èso. Bí ọmọ mi bá ń dúró de ìgbà tí ẹsẹ̀ ọmọ Lọ́kọ́jà yóò wúwo, aago ìkẹyìn yóò ti dún. Mo wá pinnu pé dídí ọ̀nà ni a óò kọ́, kì í ṣe lílé.

A fi ẹfun fa ìlà onígun mẹ́rin tó fẹ̀ ní mítà 6.10, bíi ti ríìngì, sórí ilẹ̀ sìmẹ́ńtì gbọ̀ngàn ilé ẹ̀kọ́ kan tí wọ́n yọ̀ǹda fún wa. Mo ní kí ó di ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn, kí ó má kan ẹ̀ṣẹ́ kankan, kí ó kàn máa fi ẹsẹ̀ lé ẹnì kejì rẹ̀ sí igun. Mo fi ẹfun kíkúnná pa ìsàlẹ̀ bàtà rẹ̀ kí n lè rí ipasẹ̀ rẹ̀. Nígbà àkọ́kọ́, ipasẹ̀ náà yí po bí òrùka: gbogbo ibi tí ẹnì kejì gbà ni òun náà gbà. Ẹni tó bá ń mú adìẹ nínú ọgbà mọ̀ pé ẹnu àlàfo ni à ń dúró sí, kì í ṣe ẹ̀yìn ìrù rẹ̀. Nígbà tí ìdánrawò wọ̀ ọ́ lára, ipasẹ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kúrú, ó ń dábùú lọ sí ẹ̀gbẹ́, ẹsẹ̀ kan kò sì gun orí èkejì mọ́. Ìgbà náà ni mo tó ní kí ó tú ọwọ́ sílẹ̀.

Ti ọwọ́ kò gùn. Mo ní kí jáàbù rẹ̀ máa lọ sí àyà, nítorí pé orí ẹni tó yára máa ń yẹ̀, ṣùgbọ́n àyà kì í tètè kúrò. Mo ní bí kò bá rí ibòmíràn, kó lu apá. Ẹ̀ṣẹ́ apá kò ní máàkì, ṣùgbọ́n ó máa ń dá ẹni tó fẹ́ lọ dúró díẹ̀. Ọmọ Lọ́kọ́jà fẹ́ràn láti yí sí òsì ara rẹ̀, kó lè jìnnà sí húùkù òsì tí gbogbo ènìyàn mọ̀ mọ ọmọ mi, èyí tó túmọ̀ sí pé ọwọ́ ọ̀tún wa ló ń yí wá bá. A wá ń ṣe é léraléra: ẹsẹ̀ ọ̀tún á kọ́kọ́ yọ sí ẹ̀gbẹ́, ẹ̀ṣẹ́ ọ̀tún á tẹ̀ lé e lọ sí ìhà.

Ní ọjọ́ ìjà, abala kìíní bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́, nítorí ọmọ Lọ́kọ́jà na jáàbù dáadáa, ṣùgbọ́n mo ń wo ẹsẹ̀, mo sì rí i pé ibi tó ń rìn ti ń dínkù. Ní abala kejì, ẹ̀yìn rẹ̀ kan okùn ní ìgbà púpọ̀, ẹ̀ṣẹ́ ọ̀tún sì bá a ní ìhà níbi tó ti ń gbìyànjú láti yí jáde. Lẹ́yìn ìyẹn, ó ń di ọmọ mi mú, títí rẹfirí fi kìlọ̀ fún un. Abala kẹta le fún àwọn méjèèjì, ẹnu àwọn adájọ́ kò sì kò, ṣùgbọ́n ọwọ́ ọmọ Kàbà ni wọ́n gbé sókè.

Ẹni tó ń kọ́ ọmọ Lọ́kọ́jà kì í ṣe òmùgọ̀, mo sì mọ̀ pé bí wọ́n bá tún pàdé, yóò kọ́ ọ láti máa yí sí apá kejì. Apá kejì yẹn náà ni à ń fi ẹfun fà nísinsìnyí, pẹ̀lú bí a ṣe ń bọ́ nínú ìdìmú láìpàdánù àyè tí a ti gbà, nítorí ibẹ̀ ni ìṣẹ́jú púpọ̀ ti ṣòfò fún wa ní abala kẹta.