Jákẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ méjì ayé àtijọ́: àwọn àṣìṣe tó máa ń fi owó ṣòfò

Jákẹ́ẹ̀tì ọkùnrin tó gbayì ní Amẹ́ríkà láàárín ọdún 1940 sí 1959, tí ara rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ kan, tí apá àti kọ́là rẹ̀ jẹ́ òmíràn, kò ṣòro láti ní ní Òṣogbo. Ẹ lè tú u jáde lára òkìríkà, ẹ sì lè ní kí télọ̀ rán an. Àwọ̀ tí ojú kọ́kọ́ rí ló máa ń tan èèyàn jẹ nínú méjèèjì.

Lọ́dọ̀ olókìríkà, ẹ má sanwó kí ẹ tó yí inú rẹ̀ sóde. Ẹ wo abẹ́ kọ́là àti ojú rírán abíyá. Bí àwọ̀ ibẹ̀ bá dú ju ti òde lọ, aláwọ̀ kan ni, oòrùn ló jẹ́ kí ibì kan ṣí. Ẹ wo síìpù náà: eyín irin ló yẹ ẹ. Bí ó bá jẹ́ ti ọ̀rá, bóyá wọ́n ti pààrọ̀ rẹ̀, bóyá aṣọ náà kò sì pẹ́ tó bí wọ́n ṣe wí. Bí ẹ bá rí ìlànà ìfọṣọ tí wọ́n rán mọ́ ọn nínú, ẹ fura; ọdún 1972 ni òfin Amẹ́ríkà tó sọ ọ́ di dandan bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Èyí tó ń ba aṣọ jẹ́ jù ni ríra aláwọ̀ kan kí a wá gbé e fún aláró pé kó rẹ apá rẹ̀ nìkan. Òṣogbo ìlú aró ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n aró kì í dúró sójú rírán. Á gun òwú lọ sí èjìká, á sì ṣe àbàwọ́n tí kò ní lọ mọ́. Bí aṣọ náà bá jẹ́ irun àgùntàn, kọ́sítíìkì tó wà nínú aró á jẹ ẹ́ títí tí á fi máa ya. Bí ó bá jẹ́ polyester, ìyẹn aṣọ tí òwú rẹ̀ jẹ́ ọ̀rá, aró kò ní mú un rárá. Ẹ fa òwú díẹ̀ yọ nínú ojú rírán, kí ẹ fi iná ràn án. Irun àgùntàn á rùn bí irun orí tó jóná, eérú rẹ̀ á sì fọ́ lọ́wọ́. Polyester á yọ́, á di kóró líle. Òwú àti rayon, aṣọ tí wọ́n fi èròjà igi ṣe, á rùn bíi bébà, àwọn ni aró gbà dáadáa.

Ẹni tó fẹ́ rán tuntun kò gbọ́dọ̀ ra aṣọ méjì tí ìwúwo wọn yàtọ̀, bó ti wù kí àwọ̀ wọn bára mu tó. Èyí tó fẹ́lẹ́ á máa wọ́ sókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tó nípọn. Kí ẹ tó gé wọn, ẹ gé ínǹṣì 10 níbùú lóròó lára ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ fọ̀ wọ́n, ẹ lọ̀ wọ́n, ẹ tún wọ̀n wọ́n. Bí ọ̀kan bá sún ju èkejì lọ, ẹ fọ odindi aṣọ méjèèjì kí télọ̀ tó fọwọ́ kàn wọ́n. Ẹ fi aṣọ funfun tútù pa èyí tó dú. Bí àwọ̀ rẹ̀ bá lẹ̀ mọ́ ọn, á lẹ̀ mọ́ èyí tó mọ́ náà.

Ẹ má pín yáàdì sí ọgbọọgba. Fún ọkùnrin tí àyà rẹ̀ jẹ́ ínǹṣì 40, pẹ̀lú aṣọ tó fẹ̀ tó ínǹṣì 60, yáàdì kan àbọ̀ tó fún ara àti àpò, yáàdì kan sì tó fún apá àti kọ́là. Kí àyà jákẹ́ẹ̀tì náà fi nǹkan bí ínǹṣì 5 ju àyà ẹni lọ.

Gabardine, aṣọ tí wọ́n sábà máa ń fi rán irú jákẹ́ẹ̀tì yìí, ní ìlà dídágẹ̀rẹ́ lójú. Bí télọ̀ bá dorí ègé kan kodò kí aṣọ má baà ṣòfò, ègé yẹn á dà bí àwọ̀ kẹta nínú oòrùn. Ẹ ní kí ó fi ṣọ́ọ̀kì fa ọfà sẹ́yìn gbogbo ègé, kí gbogbo wọn kọjú síbì kan náà.

Níbi tí àwọ̀ méjèèjì ti pàdé, kí ó lọ etí rírán sí ìhà aṣọ tó dú. Bí ó bá lọ ọ́ sí ìhà kejì, dúdú náà á hàn lábẹ́ èyí tó mọ́. Kí ó sì tẹ́ aṣọ òwú lé e kí áyọ́ọ̀nù tó kàn án, torí gabardine tètè ń dán, dídán yẹn sì ṣòro láti mú kúrò.