Bí mo ṣe rọ wáìnì òkè Frascati sínú igo

Wáìnì Frascati, ìlú orí òkè nítòsí Róòmù, tó gba orúkọ DOC (àmì tí òfin Ítálì fi ń dáàbò bo wáìnì àdúgbò kan) ní 1966 máa ń wà nínú igo tó ní lébẹ́ẹ̀lì. Èyí tí mò ń sọ yàtọ̀: vino sfuso ni, wáìnì funfun tí wọ́n ń fà láti inú àgbá fún ẹni tó bá gbé kẹ́ẹ̀gì wá sí orí òkè yẹn. Láti Termini ní Róòmù, reluwé ò ju bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ.

Kí n tó sanwó, mo bèèrè bóyá secco ni tàbí amabile. Secco ò ládùn mọ́. Amabile ṣì ní ṣúgà. Tí a bá dé e pa tí ooru sì mú, á tún bẹ̀rẹ̀ sí í hó. Ẹni tó mọ bí ẹmu ṣe ń ta ìdérí dànù mọ ibi tí mò ń lọ, àmọ́ igo lè fọ́ síni lára. Secco ni mo rà, lítà 5: igo 6 gbáko, ó ku ìdajì lítà.

Oṣù Kẹta ló dára, kí ooru tó dé. Àwọn àgbà ibẹ̀ ń wo òṣùpá. Ojú ọjọ́ ni èmi ń wò. Bí ojú ọ̀run bá mọ́ tí afẹ́fẹ́ sì dákẹ́, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ kì í ru.

Mo gbé kẹ́ẹ̀gì sórí tábìlì lálẹ́, mi ò sì mì ín mọ́. Omi gbígbóná àti búrọ́ọ̀ṣì ni mo fi fọ igo, kò sí ọṣẹ olóòórùn. Mo rọ omi mímọ́ kún rọ́bà gígùn oníhò tí mo fi ń fa wáìnì, mo fi àtàǹpàkò dí i, mo ti orí kan bọ kẹ́ẹ̀gì, ó ku ìbú ìka kan kó kan ìsàlẹ̀. Omi yẹn kọ́kọ́ ṣàn sínú ife, wáìnì sì tẹ̀ lé e. Orí kejì gbọ́dọ̀ kan ìdí igo tó wà nílẹ̀. Ẹ má lo àrọ: wáìnì á máa já láti òkè, á gba afẹ́fẹ́ sára, Malvasia, èso àjàrà tí wọ́n fi ṣe é, ò sì fẹ́ bẹ́ẹ̀ rárá. Láìpẹ́ á pọ́n, á máa rùn bí ápù tó ti rà.

Mo dúró nígbà tó ku sẹ̀ǹtímítà 6 sí ẹnu igo. Kọ́ọ̀kì gba 4, àlàfo gba 2. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ni mo fi rin kọ́ọ̀kì kí n tó fi ẹ̀rọ tẹ̀ ẹ́ wọlé. Igo wà lóròó fún ọjọ́ kan, lẹ́yìn náà mo tẹ́ ẹ sílẹ̀ níbi tó tutù tó sì ṣókùnkùn.

Tí kọ́ọ̀kì bá ń yọrí, ẹ gbé igo náà sí fíríìjì lójú ẹsẹ̀, kí ẹ sì tètè mu ún.