Ilà Ojú Búrẹ́dì: Kí Ló Dé Tí Kò Là?

Búrẹ́dì tí mo ń sọ kì í ṣe ti Agége tí à ń yan nínú páànù. Èyí tí a fi fúláwà, omi, iyọ̀ àti yíìsì pò nílé ni, tí a mọ róbótó, tí a fi abẹ kọ ilà sí lójú kó tó wọ iná. Ìbéèrè àwọn tí mo ń kọ́ ní Ìbàdàn ni mo kó jọ síbí.

Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Ilà tí mo kọ kò là rárá. Ó padà lẹ̀ mọ́ra, ẹ̀gbẹ́ ìsàlẹ̀ ló wá bẹ́. Kí ni mo ṣì ṣe?

Ẹ kú iṣẹ́. Ibi tó bẹ́ yẹn ti sọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Bí àpòpọ̀ bá wọ inú ooru, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ á fẹ̀, á máa wá ọ̀nà àbájáde. Bí ilà òkè kò bá jìn tó, ibi tó bá rọ̀ jù ni yóò gbà jáde. Ọ̀pọ̀ yín ló ń bẹ̀rù abẹ, tí ẹ kàn ń fi ha ojú rẹ̀. Ilà tí yóò là gbọ́dọ̀ jìn tó ìdajì sẹ̀ǹtímítà sí odidi kan. Ẹ dẹ abẹ náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ìgbà tí ẹ fẹ́ bó ọsàn, kí ẹ fà á lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Etí kan ilà náà ni yóò gbéra nínú ooru, tí yóò sì pọ́n.

Ẹ tún wo oru omi. Bí inú ààrò bá gbẹ, èèpo á ti gan kí búrẹ́dì tó wú tán. Inú ìkòkò irin tó nípọn, tó ní ọmọrí, ni mo ti ń yan tèmi: mo máa ń kọ́kọ́ jẹ́ kí ìkòkò náà gbóná dáadáa, ooru á tó 230 sí 240 lórí òṣùwọ̀n Celsius, mo gbé búrẹ́dì sínú rẹ̀, mo bò ó fún 20 ìṣẹ́jú kí oru omi má baà jáde, mo wá ṣí i fún bíi 20 mìíràn kó lè pọ́n.

Bí mo ṣe fi abẹ kàn án báyìí ló rọ̀ wọlẹ̀ bí fèrè tí wọ́n gún.

Ẹ má dá abẹ lẹ́bi. Ó ti wú kọjá ààlà ni, ooru ilẹ̀ wa sì ń tètè fa èyí. Ẹ fi ìka tí ẹ fi fúláwà pa tẹ̀ ẹ́. Bó bá ta padà lójú ẹsẹ̀, kò tíì tó. Bó bá ń rọra padà, tí ojú ibẹ̀ ṣì jìn díẹ̀, ó tó. Bí kò bá padà mọ́, ẹ má kọ ọ́ nílà. Ẹ da òróró sí páànù, ẹ tẹ́ ẹ sínú rẹ̀ pẹlẹbẹ, kí ẹ yan án bẹ́ẹ̀. Kò ní ṣòfò.

Ohun tó ràn mí lọ́wọ́ jù ni fíríìjì. Bí mo bá mọ ọ́n tán, mo máa ń gbé e síbẹ̀ di ọjọ́ kejì, bíi wákàtí 8 sí 12. Bó bá ti inú òtútù jáde, ara rẹ̀ á ti le díẹ̀, abẹ á sì kọjá geere. Mo máa ń to ike omi dídì méjì tì í, nítorí iná tó lè lọ lóru.

Mo fín ewé àti òdòdó sí i, ó rẹwà gan-an, ṣùgbọ́n nígbà tó jinná, gbogbo ẹ̀ ti fà ya.

Ó máa ń dùn mí tí èyí bá ṣẹlẹ̀ sí ẹni tó fara balẹ̀. Ẹ wò ó: olóólà ń kọ ilà, onígbá ń fín igbá. Iṣẹ́ méjèèjì kì í ṣe ọ̀kan náà, búrẹ́dì sì nílò méjèèjì. Ọnà kò gbọ́dọ̀ jìn ju mìlímítà 2 sí 3 lọ, abẹ á sì dúró ṣánṣán. Ẹ fín in tán, kí ẹ tó wá kọ ilà ńlá kan tí búrẹ́dì yóò gbà mí. Ẹ kò kọ ìyẹn ni ọnà yín fi ya.

Omi náà lè pọ̀ jù. Fún 500 gíráàmù fúláwà, mo máa ń lo 325 gíráàmù omi bí mo bá fẹ́ fín ọnà.

Kí ẹ tó fín in, ẹ rọra ku ìrẹsì lílọ̀ sójú rẹ̀, kí ẹ fi ọwọ́ pa á kó kárí. Fúláwà máa ń pọ́n, ṣùgbọ́n ti ìrẹsì á funfun títí, ọnà á sì hàn lára èèpo pípọ́n. Ẹ lọ ìrẹsì gbígbẹ nínú bùlẹ́ńdà, kí ẹ sẹ́ ẹ. Mo máa ń na òwú ìránṣọ kọjá lórí rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, kó fi àmì pín in sí mẹ́rin, kí ewé mi má baà wọ́.

Abẹ mi ń fà á ya ni. Ṣé dandan ni kí n ra èyí tí àwọn Faransé ń pè ní lame?

Rárá o. Bíléèdì ẹlẹ́nu-méjì tí àwọn onígbàjámọ̀ ń lò ti tó. Ẹ ki igi súyà tẹ́ẹ́rẹ́ bọ ihò àárín rẹ̀, kí ẹ di igi náà mú. Tuntun ni kí ẹ lò, nítorí èyí tó ti kú ló ń fa nǹkan ya. Ẹ ti ẹnu rẹ̀ bọ omi díẹ̀ kí ẹ tó fà á.